Ẹni Tó Ń Bomi Rin Búlọ́ọ̀kù Wa

Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
Èsìẹ́.

Lubabah, Àníkẹ́ mi,

Às-sàlámù àlékúmù o. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí ẹ̀rọ amúlétutù tó wà lára ògiri yín, tó ń mú kí ẹ máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe nínú oṣù tí gbogbo ayé ń làágùn. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká gbúròó yín níbi tí kò dáa. Ọ̀nà tí ẹ ń rìn kò ní sọ yín di oúnjẹ. Àmín, àmín, àmín. Mo ṣe àmín náà ní mẹ́ta nítorí Àbújá jìn, ọ̀kan lè já bọ́ lójú ọ̀nà.

Tí o bá ń bi ara rẹ pé kí ló dé tí ìyá rẹ fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù tí o rà fún un ṣì wà láyé, fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó kú. Èmi àti fóònù náà ló ń bára wa yan odì díẹ̀ nítorí ohun tó fojú wa rí. Fóònù lè sọ pé èèyàn ti jáde nígbà tí onítọ̀hún jókòó sílé rẹ̀ tó ń jẹ ẹ̀pà. Lẹ́tà kì í ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Dírẹ́bà tó ń kó èrò lọ sí Àbújá ni màá fi èyí lé lọ́wọ́, màá sì jẹ́ kó búra kó tó gbéra.

Ohun tó jẹ mí lógún láti sọ fún ọ ni pé ilé wa ò tú ká o. Àlùhàmúdùlíláhì. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń mí kanlẹ̀, mo mí débi pé adìẹ tó wà lẹ́bàá mi dìde kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé náà ṣe kù díẹ̀ kó tú ká, ìtàn ni, jẹ́ kí n pa á fún ọ.

O rántí pé nígbà tí o wálé kẹ́yìn, o ní mi ò gbọdọ̀ máa dá gbé mọ́, pé tí ilé tí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ń pariwo rẹ̀ kò bá tíì dúró kí òjò tó wọlé, wàá gbé mọ́tò wá kó mi lọ sí Àbújá tẹrùtẹrù. Mo gbà fún ọ lẹ́nu. Ọkàn mi ò gbà. Ọmọ mi, mo ti dé ilé yín, mo ti rí i. Orí ilé ẹlòmíràn lẹ ń gbé, ẹlòmíràn sì tún ń gbé lórí yín, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá fẹ́ kí aládùúgbò rẹ̀, àfi kó fi igi gún àjà. Ní gbogbo ìgbà tí mo lò níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo tó kí mi láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ kí i ni obìnrin tó wà nínú ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè, òun náà ò sì dúró gbọ́ èsì. Mo bi í léèrè àwọn ará ilé rẹ̀, ilẹ̀kùn ló ṣí lé mi lójú.

Ìdí nìyẹn tí àwa mẹ́rin fi pinnu pé a ó jọ kọ́lé, a ó sì jọ máa gbé e, kí ẹnikẹ́ni má baà sín nínú wa kó má rí ẹni dá a lóhùn. O mọ gbogbo wọn. Èmi ni mo mú ilẹ̀ wá, ìpín mi nínú ilẹ̀ bàbá mi lójú ọ̀nà Òrò. Rúùtù elépo, ọ̀rẹ́ mi, ìyá ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ló ra sìmẹ́ńtì. Asisat onírú ló ń dáná fún àwọn òṣìṣẹ́, ìkòkò rẹ̀ ńlá nì ló gbé wá síbi iṣẹ́, ìkòkò tí èèyàn lè wẹ ọmọ mẹ́ta nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọláìyá, ọkùnrin kan ṣoṣo tó wà nínú wa, tí gbogbo ìlú ń pè ní Tíṣà nítorí pé kò sẹ́ni tí kò tíì nà lẹ́gba rí, ló gba iyanrìn àti bíríkìlà. Kálukú yóò ní yàrá àti pálọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn tirẹ̀, kí á lè máa bínú síra wa nígbà tó bá yẹ. Ṣùgbọ́n kànga kan ni, ilé ìdáná kan ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàrin tí a ó ti jọ máa jẹun.

Kò rọrùn o. Nígbà tí a lọ ṣí àkáǹtì fún ilé náà ní bánkì kan l'Ọ́mù-Àrán, ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ fún wa ní fọ́ọ̀mù, ó ní kí á mú ẹ̀rí wá pé a ní àdírẹ́sì. A ní àdírẹ́sì wa ṣì ń gbẹ lóòrùn lọ́wọ́. Ó ní àfi ká rí ẹ̀rí. Rúùtù ò bá a jiyàn, ọ̀kadà ló gùn padà wá sí Èsìẹ́, ó gbé búlọ́ọ̀kù kan lé itan, ó di bánkì. Ilẹ̀kùn onígíláàsì wọn, èyí tó máa ń gbé èèyàn mì kó tó pọ̀ ọ́ sínú ilé, ló kọ̀ jálẹ̀, ó ń sọ Òyìnbó. Rúùtù wá bẹ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé kó jẹ́ kí búlọ́ọ̀kù dá wọlé, kí òun dúró síta, nítorí búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fẹ́ rí, kì í ṣe òun. Ọ̀gá wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, òun ló sì ṣàlàyé fún wa pé kí á lọ gba ìwé láàfin. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà. Kì í gba búlọ́ọ̀kù ṣùgbọ́n ó mọyì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù ló kàn báyìí. Ebenezer, bíríkìlà wa, ọmọ Òrò, ló kìlọ̀ fún wa pé búlọ́ọ̀kù tuntun dà bí ọmọ ọwọ́, pé tí wọ́n bá ti yọ ọ́ nínú mọ́ọ̀dù, omi ni kí ẹ máa fún un mu lójoojúmọ́, nítorí pé bí oòrùn bá gbẹ ẹ́ lójijì, yóò máa rún bíi kùlìkùlì, ẹni tó bá fi kọ́lé ti fi orí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yìí sì nìyẹn, tí kànga gbẹ dórí òkúta, tó jẹ́ pé ibi ẹ̀rọ omi tó wà nítòsí mọ́ṣáláṣí ni gbogbo àdúgbò ti ń pọn. A pín iṣẹ́ omi náà láàrin ara wa, kálukú mọ ọjọ́ tirẹ̀. Ó ń lọ dáadáa.

Tíṣà ló wá ní kí á ṣe gúrúùpù sórí fóònù, orí Wásáàpù yẹn, kí ọ̀rọ̀ ilé má baà máa sọnù. Gúrúùpù yẹn, Lubabah, yàrá ni, àmọ́ èèyàn ò lè rí ògiri rẹ̀. Èmi kì í ṣí i láìwé gèlè, nítorí ọkùnrin wà níbẹ̀. Mo máa ń sàlámà kí n tó wọlé. Rúùtù ní tirẹ̀ máa ń gba àdúrà síbẹ̀ láàárọ̀, àdúrà tó gùn débi pé mo gbé ẹ̀wà kaná nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀wà jinná, ó jóná, kò tíì dé Àmín. Asisat ni kò sí níbẹ̀, nítorí fóònù kékeré oní-tọ́ọ̀ṣì ni tirẹ̀, ẹnu Rúùtù ló ti ń gbọ́ ohun tó bá ṣẹlẹ̀, ìwọ náà sì mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń sanra lẹ́nu Rúùtù.

Ìjà wá dé. Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ló dá a sílẹ̀, ilẹ̀kùn ta ni yóò sún mọ́ ọn jù. Tíṣà ní èéfín ò dáa fún ojú òun tí òun fi ń kàwé. Rúùtù ní òun ò lè máa jí sí òórùn irú Asisat láràárọ̀. Asisat ní irú tí Rúùtù ń yọ imú sí yẹn, òun ni Rúùtù ń tọrọ ní gbogbo alẹ́ Sátidé láti ọdún tí wọ́n ti mọ ara wọn. Èmi náà sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò ní kọ síbí, nítorí lẹ́tà yìí yóò gba iwájú mọ́ṣáláṣí kọjá. A tú ká láìdágbére.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Tíṣà wọ inú gúrúùpù, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kí gbogbo wa, pé kí á sùn re. Inú mi dùn, mo ní àgbà ni. Àfi bí fóònù ṣe kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ lédè Òyìnbó pé Ọláìyá ti jáde. Mo ka ìwé mẹ́fà, mo mọ ohun tó túmọ̀ sí, síbẹ̀ mo gbé e fún àwọn ọmọ ilé kejì kà, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá ti jáde. Orí mi wú bíi búrẹ́dì. O mọ̀ pé níbí, àgbà tó bá dìde láàrin ìpàdé tó gbọn aṣọ rẹ̀ nù, a kì í sáré lé e lójú títì bí ewúrẹ́. Ẹni tó jù ú lọ la ń wá lọ bẹ̀ ẹ́. Ta ló wá ju Tíṣà lọ ní Èsìẹ́? Gbogbo ẹni tó jù ú lọ ló ti wà nínú ilẹ̀.

Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, fóònù tún gbé oyè alága tó wà lórí Tíṣà, ó fi Rúùtù jẹ ẹ́. A ò yàn án, a ò dìbò. Ọmọ ọmọ Rúùtù ló kà á fún un pé òun ni ọ̀gá gúrúùpù láti òní lọ. Rúùtù ní ọwọ́ Ọlọ́run ni, ó ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, ó jó dé iwájú pẹpẹ, Tíṣà sì jókòó níbẹ̀ tó ń wò ó, kò mira, bí ère òkúta inú mùsíọ́ọ̀mù wa. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí Tíṣà lọ́ọ̀ọ́kán, ó yà sápá kan, èmi náà yà sápá kejì. Rúùtù sọ fún Asisat pé Tíṣà ti ilẹ̀kùn fóònù gbàgà débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé òun níka. Asisat dìde. Ó lọ síbi iṣẹ́, ó gbé ìkòkò rẹ̀ lérí, ó lọ sílé.

Ìgbà tí mo rí ìkòkò yẹn lórí Asisat ni mo gbà pé ó ti parí. Mo di ẹrù mi. Mi ò purọ́ fún ọ, Àníkẹ́, mo sunkún, mo sunkún débi pé mo rò pé kí n lọ sun ún sórí búlọ́ọ̀kù kí ó má baà ṣòfò. Mo fi adìẹ mi abọ́rùnbọlọ̀ ta ará ilé kejì lọ́rẹ, nítorí o ní wọn kì í sin adìẹ ní Àbújá. Mo ń dúró dè ọ́.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò gbà. Tí mo bá ti kírun Àsùbáà tán, ẹsẹ̀ mi á gbé mi dé ibi ẹ̀rọ omi, màá pọn garawa kan, màá lọ bù ú wọ́n àwọn búlọ́ọ̀kù náà. Mi ò mọ ohun tí mo ń retí. Mo kàn mọ̀ pé búlọ́ọ̀kù ò bá ẹnikẹ́ni jà.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn tí Ebenezer fi wá bá mi nílé, ojú rẹ̀ le. Ó ní, Màmá, ta ló ń bomi rin àwọn búlọ́ọ̀kù yìí? Mo ní èmi ni, ṣé mo jẹ̀bi ni. Ó ní rárá, pé omi tẹ̀mi ye òun, pé omi àárọ̀ ni, àmọ́ òun tún ń bá omi tútù níbẹ̀ tí oòrùn bá yọ dáadáa, òun ń bá a lọ́sàn-án, òun ń bá a nírọ̀lẹ́. Ó ní nínú ọ̀dá tí gbogbo ìlú ń fi ife wẹ̀, koríko ti hù lẹ́sẹ̀ búlọ́ọ̀kù wa, ọ̀pọ̀lọ́ kan sì ti kó wọ ibẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, pé àwọn ni onílé àkọ́kọ́. Ó ní kí n wá nírọ̀lẹ́ kí n wá fojú ara mi rí i.

Mo ní àlùjànnú ni. Mo ka gbogbo ohun tí mo mọ̀ nínú Kùránì, mo lọ sápamọ́ sẹ́yìn òkìtì iyanrìn lẹ́yìn ìrun Alásàrí. Kí n tó jókòó dáadáa, mo fìdí lé nǹkan rírọ̀. Rúùtù ni. Ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, garawa rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí n tó bi í léèrè, igi kajú tó wà lẹ́yìn wa húkọ́, Asisat ló fara pamọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú bàsíà rẹ̀ lórí. Ebenezer ọmọ burúkú, ohun tó sọ fún mi náà ló sọ fún àwọn méjèèjì. Tíṣà nìkan ni kò sọ fún, nítorí pé Tíṣà nà án ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìbẹ̀rù náà ò tíì tán lára rẹ̀. Àwa mẹ́ta ń wo ara wa. Èmi ní àárọ̀, Rúùtù lójú ọ̀nà ọjà, Asisat lọ́sàn-án gangan nígbà tí gbogbo ìlú ń sùn, kò sì sẹ́ni tó sọ fún ẹnì kejì. Ta ló wá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́?

Tíṣà ló yọ. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ògbólógbòó, ó wọ ṣòkòtò tó fi ń lọ sóko. Kò wò yíká. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi fún wọn láti ìlà dé ìlà bí ẹni tó ń wo ọmọ ilé ìwé lórí ìlà, ó ń bá èyí tó wọ́ wí pé kó dúró dáadáa, ó ń yin èyí tó gún. Nígbà tó dé ìlà ìkẹyìn, ó dúró, ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó sì sọ ọ́ jáde.

"Ẹ mumi, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ti lé mi, ẹ ò gbọdọ̀ rún mọ́ wọn lọ́wọ́."

Igbe tí Rúùtù ké, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ l'Ọ́mù-Àrán. Tíṣà rò pé búlọ́ọ̀kù ló dá òun lóhùn. Kẹ́ẹ̀gì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúró gbọnin, ó ní "Sà!" bí ọmọ kíláàsì kìíní. Nígbà tó rí i pé àwa ni, ó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, àmọ́ Asisat ti di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ọwọ́ tó ti ń gún irú láti ọmọdé sì ni, kò ṣeé já gbà.

Ó bi wá pé kí ló dé tí a fi ti ilẹ̀kùn mọ́ òun. Àwa náà bi í pé kí ló dé tó fi jáde. Ó wò wá bíi pé a ti ya wèrè. Ó ní ṣé ẹ̀kọ́ ilé kọ́ nìyẹn ni, pé tí èèyàn bá wọ yàrá ẹlòmíràn, tó sọ̀rọ̀ tán, tó ti kí wọn pé kí wọ́n sùn re, ṣé á wá dúró sáàrin ilé máa wò wọ́n lójú? Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń bá a tẹ fóònù tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ dá a lò. Ó wá ibi tí wọ́n ti ń jáde, ó rí i, ó tẹ̀ ẹ́, ó rọra gbé fóònù sílẹ̀ bí ọmọlúàbí, ó lọ sùn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń retí kí ẹnì kan sọ pé Tíṣà, ẹ wọlé. Ó ní àgbà ọkùnrin kì í ti ara rẹ̀ wọ yàrá àwọn obìnrin.

A rẹ́rìn-ín, Lubabah. A jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ tí àwa fúnra wa dá sílẹ̀, a rẹ́rìn-ín títí ọ̀pọ̀lọ́ fi kó ìyàwó rẹ̀ lọ. Rúùtù ní òun dá oyè náà padà, Tíṣà ní kó mú un o, ó ti dúpẹ́ rẹ̀ ná. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìkòkò Asisat ti padà sórí ààrò.

Ògiri ti dé ojú fèrèsé bí mo ṣe ń kọ èyí. Ebenezer ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣe bíríkìlà, òun ò rí búlọ́ọ̀kù tó le báyìí rí, pé tí òun bá fi òòlù lù ú, òòlù ló ń sunkún. Ilé ìdáná ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnikẹ́ni, ààrin gan-an la gbé e sí, èéfín yóò kárí, irú yóò kárí. A sì ti ṣe òfin kan pé láti òní lọ, ẹni tó bá fẹ́ jáde nínú ilé yìí, kí ó wá síwájú búlọ́ọ̀kù kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Títí di bí mo ṣe ń wí yìí, kò sẹ́ni tó láyà ẹ̀.

Nítorí náà má gbé mọ́tò wá kó mi. Mo ti tú ẹrù mi. Adìẹ nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, ó ti mọ́ ọn lára nílé kejì, mo lọ mú un, ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Ohun tó kù ni páànù. Òjò ti ń kùn lápá Òkè-Ọdẹ. Jọ̀ọ́ Àníkẹ́ mi, bá mi wá nǹkan sí páànù tẹ̀mi àti ìṣó rẹ̀, bó bá sì ṣẹ́kù, kí o fi ra bàtà ojoojúmọ́ kan fún mi, nítorí ẹrẹ̀ ti jẹ tẹ̀mi. Má fi owó náà ránṣẹ́ sínú gúrúùpù o, Rúùtù á rí i, á sì ti gba àdúrà lé e lórí kí n tó débẹ̀. Tí o bá sì ń bọ̀ wálé, a ti ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀yin ọmọ. Mú àwọn ọmọ ọmọ mi dání. Kò sí ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá kí yín ni yóò dúró gbọ́ èsì.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní rún. Ibi tí o bá fẹ̀yìn tì ò ní yẹ̀. Ọlọ́run yóò fi ẹni tí yóò máa bomi rin ọ́ sí àyíká rẹ, kódà lọ́jọ́ tí o bá rò pé gbogbo wọn ti lọ. Àmín.

Mo ti ní kí Rúùtù alága fi ìwọ náà sínú gúrúùpù. Tí o bá wọlé, kí àwọn àgbà. Má ṣe jáde. Bí fóònù bá sì sọ fún wa pé o ti jáde, a ò ní gbà á gbọ́. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á kàn gbé garawa, a ó máa bọ̀ ní Àbújá.

Èmi ìyá rẹ tí kò jáde,
Fulera.